Prìnsípà ní kí n lọ sí kọ́nfárẹ́ǹsì àwọn tíṣà Kátólíìkì lọ́sẹ̀ Àjíǹde, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

TíṣàKíláàsìKẹrin

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ kú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì náà. Maryland ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Kátólíìkì ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin, kò tíì pẹ́ tí mo débẹ̀, ilé ìwé ìjọba ni mo wà tẹ́lẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá prìnsípà wa pè mí sí ọ́fíìsì, àyà mi ti kọ́kọ́ já, àṣé ó fẹ́ sọ fún mi pé òun ti fi orúkọ mi sí àwọn tó máa lọ sí kọ́nfárẹ́ǹsì NCEA ni, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ilé ìwé Kátólíìkì ní gbogbo Amẹ́ríkà, ní Minneapolis, 7 sí 9 oṣù kẹrin 2026. Mo ní ẹ ṣé mà, mo jáde. Ìgbà tí mo délé tí mo wo kàlẹ́ńdà ni mo wá rí i pé 5 oṣù kẹrin ni Àjíǹde, àṣé inú ọ̀sẹ̀ ìsinmi wa gan-an ni wọ́n gbé e sí! Ọ̀sẹ̀ tí mo ti ń retí látìgbà Kérésì, tí mo ti ní máa sùn, máa kun yàrá àwọn ọmọ mi, máa sè ọbẹ̀ sínú firísà.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín pọ̀ díẹ̀ ẹ má bínú. Àkọ́kọ́, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an, ṣé àdúrà láti àárọ̀ dalẹ́ ni àbí wọ́n ń kọ́ èèyàn níṣẹ́? Torí ìṣòro tèmi ni pé mo ní àwọn ọmọ tó ti dé kíláàsì kẹrin tí ìwé kíkà ò tíì já gaara lẹ́nu wọn, àwọn míì nínú wọn Spanish ni wọ́n ń sọ nílé, mi ò fẹ́ lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìṣírí tí mi ò ní rí lò lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìkejì, prìnsípà sọ pé "káúńtì ló máa san owó ẹ̀", ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa níbí, ọ̀rọ̀ yẹn ò yé mi, báwo ni káúńtì ṣe máa sanwó fún ilé ìwé ìjọ? Ìkẹta, mo wo fọ́tò ti àwọn ọdún tó kọjá, òyìnbó ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣé mi ò ní lọ jókòó sí kọ̀rọ̀ bí ẹni tó ṣìlẹ̀kùn wọlé? Ọkọ mi náà tún ní ṣé kì í ṣe ìlú yẹn ni wọ́n ti yìnbọn fún àwọn ọmọ ilé ìwé Annunciation nígbà tí wọ́n wà nínú Mísà ní oṣù kẹjọ 2025. Òun ni.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹni tó bá ti lọ rí kó dá mi lóhùn.

ÌyáÌbejìHouston

Àbúrò mi, lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé Kátólíìkì, mo sì ti lọ síbẹ̀ dáadáa, jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí kó o má bàa lọ máa rìn gbéregbère nínú gbọ̀ngàn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni. Mísà ńlá ni wọ́n fi ń ṣí i, bíṣọ́ọ̀bù ló máa ń ṣe é, kọ́áyà á kọrin títí orí á wú èèyàn, bí ìyẹn bá ti parí ó di sẹ́ṣọ̀n lórí sẹ́ṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ ló máa ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, o ò lè wà níbi gbogbo, ibẹ̀ sì ni àwọn èèyàn ti ń ṣòfò, wọ́n á máa tẹ̀lé àkọlé tó dùn létí. Ìlànà kan wà tí wọ́n gbé jáde fún àwọn ilé ìwé Kátólíìkì ní 2012, ó pín nǹkan sí mẹ́rin: jíjẹ́ Kátólíìkì ilé ìwé náà, ìṣàkóso, ẹ̀kọ́ gan-an, àti ọ̀rọ̀ owó pẹ̀lú ilé. Wàá rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn sẹ́ṣọ̀n máa bọ́ sábẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn. Ìṣàkóso àti owó, fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn prìnsípà àti àwọn ará ọ́fíìsì bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀kọ́ ni tìẹ. O ti sọ ìṣòro ẹ fúnra ẹ, ìwé kíkà àti àwọn ọmọ tó ń sọ èdè míì nílé, ibẹ̀ yẹn ni kó o dúró sí látọjọ́ kìíní dé ìkẹta, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi rọ́bọ́ọ̀tì àti AI fà ẹ́ kúrò níbẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí wọn kì í sọ fún tíṣà tuntun. Kó o tó yan sẹ́ṣọ̀n, wo ibi tí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń ta ìwé tàbí áàpù ló ti wá, mọ̀ pé ọjà ló gbé wá, o lè lọ o, àmọ́ fi ojú ọlọ́jà wò ó. Tíṣà tó fi kíláàsì tiẹ̀ sílẹ̀ wá sọ ohun tó ṣe fún àwọn ọmọ tiẹ̀, tó gbé ìwé tí àwọn ọmọ kọ dání, ọ̀dọ̀ irú wọn ni kó o lọ, kó o sì dúró dè é lẹ́yìn kó o bi í ní ìbéèrè. Mo ti rí ohun tí mo lò fún odidi ọdún látinú ìṣẹ́jú mélòó kan tí mo fi dúró bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bó o bá sì jókòó tó o rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀, dìde, kó o bọ́ sí yàrá kejì, kò sẹ́ni tó máa bínú, àwọn òyìnbó ń ṣe é dáadáa, àwa Yorùbá ni ojú máa ń tì tá a ó fi jókòó títí wọ́n á fi ṣàdúrà ìparí.

Gbọ̀ngàn ọjà wà lọ́tọ̀. Wọ́n á fún ẹ ní báàgì, bírò, súìtì, wọ́n á sì máa fi fóònù ya báàjì tó wà lọ́rùn ẹ, ṣé o rí báàjì yẹn, ímeèlì ẹ ló wà nínú ẹ̀, wọ́n á máa kọ̀wé sí ẹ títí di Kérésì. Fi ímeèlì míì forúkọ sílẹ̀ bó o bá ní. Àmọ́ má kọjá níbi àwọn tó ń ta ìwé o, wọ́n máa ń fún tíṣà ní ìwé wò lọ́fẹ̀ẹ́, sọ fún wọn pé àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí ọmọ lè fi ìró lẹ́tà kà fúnra ẹ̀ lò ń wá, tí kì í sì í ṣe ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, torí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ò ní fẹ́ kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ rí i pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ya ológbò sí níwájú.

Ní ti ọ̀rọ̀ òyìnbó tó pọ̀, òótọ́ ni, wọ́n pọ̀. Àmọ́ ìwọ tó o ti Maryland wá! Baltimore ni Mary Lange, síṣítà aláwọ̀ dúdú, ti ṣílé ìwé fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní 1828, nígbà tí oko ẹrú ṣì wà ní Maryland níbẹ̀, ọdún kejì ẹ̀ ló dá ẹgbẹ́ síṣítà Oblate Sisters of Providence sílẹ̀, ilé ìwé yẹn ṣì wà títí dòní, St. Frances Academy. Ní 2023 ni Póòpù Francis fi í sípò Ẹni Ọ̀wọ̀, ìyẹn ìgbésẹ̀ kan lójú ọ̀nà dídi ẹni mímọ́. Elizabeth Ann Seton, ẹni mímọ́ tí gbogbo wọn ń pariwo orúkọ ẹ̀ náà, Emmitsburg ní Maryland yín yẹn ló ti ṣílé ìwé tiẹ̀ ní 1810. Ta ló wá ṣìlẹ̀kùn wọlé? Wàá tún rí àwọn síṣítà tiwa láti Nàìjíríà níbẹ̀, bó o bá ti gbọ́ "ẹ káàárọ̀" lẹ́yìn ẹ, má jẹ́ kí ẹnu yà ẹ́.

Ti Annunciation, ó dùn wá gan-an, ọmọ méjì ló kú. Mi ò ní sọ pé kí ọkọ ẹ má ṣàníyàn. Ohun tí màá sọ ni pé bí wọ́n bá ṣe sẹ́ṣọ̀n kankan lórí ààbò ilé ìwé tàbí bí wọ́n ṣe ń ṣe pẹ̀lú ọmọ tí ẹ̀rù ti bà, lọ síbẹ̀, torí ìlú yẹn ni wọ́n ti ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn lórí.

BàbáBùkúnmi_Chicago

Ìyá Ìbejì ti sọ èyí tó dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó korò díẹ̀. Igbákejì prìnsípà ni mí, ọ̀rọ̀ "káúńtì ló máa san án" yẹn ń bà mí lẹ́rù fún yín.

Owó tó ń sọ yẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi dá yín lójú pé Title II ni, owó ìjọba àpapọ̀ tó wà fún fífi ìmọ̀ kún ìmọ̀ àwọn tíṣà. Òfin ní àwọn tíṣà ilé ìwé àdáni náà ní ìpín nínú ẹ̀, títí kan ti ìjọ, ìyẹn ni káúńtì ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà. Àmọ́ owó ọ̀hún kì í wọ àpò ilé ìwé yín, ọwọ́ ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ káúńtì ló máa ń wà, àwọn ló ń pinnu, àwọn ló ń san. Ohun tí kò jẹ mọ́ ẹ̀sìn nìkan ni wọ́n sì lè san owó ẹ̀ fún. Ẹ̀kọ́ ìwé kíkà, ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ni. Sẹ́ṣọ̀n bí a ṣe ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún Kọmúníọ̀nù Àkọ́kọ́, rárá o. Ibi tí wàhálà wà nìyẹn, torí kọ́nfárẹ́ǹsì yìí da méjèèjì pọ̀. Káúńtì míì á ní kẹ́ ẹ kọ àwọn sẹ́ṣọ̀n tẹ́ ẹ fẹ́ lọ sílẹ̀, wọ́n á san ìwọ̀n tó kan èyí tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn, ó ku èyí tó kù fún ilé ìwé. Káúńtì míì á ní àwọn ò sanwó kankan. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, wọn kì í fẹ́ràn kí èèyàn ti náwó tán kó tó wá máa mú rìsíìtì bọ̀.

Nítorí náà ẹ má fi káàdì yín ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù o. Ẹ ní kí prìnsípà fi ímeèlì sọ ọ́ fún yín: ta ló ń san ìforúkọsílẹ̀, ta ló ń san bàálù, òtẹ́ẹ̀lì ńkọ́, oúnjẹ ńkọ́. Kì í ṣe ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́, ọmọlúàbí náà ń béèrè ọ̀rọ̀ owó. Ẹ tún bi wọ́n bóyá wákàtí tẹ́ ẹ bá lò níbẹ̀ máa wọ inú ti láísẹ́ǹsì tíṣà yín, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ìwé ẹ̀rí ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde tí wọ́n ń gbé e sí, ó yé mi ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é, àwọn ilé ìwé wà ní ìsinmi nígbà yẹn, kò sí pé à ń wá tíṣà tó máa dúró sí kíláàsì. Ó rọ ilé ìwé lọ́rùn. Kò rọ ìyàwó ilé àti bàbá ọmọ lọ́rùn, mo sì rò pé ó yẹ ká máa sọ ọ́ jáde. Ẹ béèrè ọjọ́ ìsinmi míì dípò ẹ̀. Bí tíṣà mi bá béèrè màá fún un.

MiÒGbà

Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa sọ pé lọ, lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé Kátólíìkì ní Amẹ́ríkà ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ, lónìí wọn ò tó mílíọ̀nù méjì, gbogbo ọdún la ń gbọ́ pé wọ́n ti ilé ìwé kan pa, owó oṣù wa kéré sí ti ilé ìwé ìjọba tá a jọ wà ládùúgbò, kí ni kọ́nfárẹ́ǹsì ti ṣe sí i látọjọ́ yìí? Wọ́n tún wá fẹ́ gba ìsinmi tíṣà lọ́wọ́ ẹ̀. Owó bàálù àti òtẹ́ẹ̀lì yẹn, kí wọ́n fi gba ẹni tó máa jókòó ti àwọn ọmọ yẹn kà ìwé lójoojúmọ́, ẹ ó rí i pé ìwé á já. Àbí kẹ́ ẹ lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì tíṣà àgbà kan nílé ìwé yín fún ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ ò sì tíì gbọ́ èyí tó kẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá dé, wọ́n á ní kẹ́ ẹ wá kọ́ àwọn tíṣà yòókù ní ohun tẹ́ ẹ kọ́, lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti jáde, nígbà tó ti rẹ gbogbo èèyàn, láìsí kọ́bọ̀ kan lórí ẹ̀.

ÌyáÌbejìHouston

Èyí tó kẹ́yìn yẹn òótọ́ ni o, mi ò ní parọ́ fún un, wọ́n á ní kó ṣe é. Ọ̀rọ̀ owó oṣù náà òótọ́ ni. Àmọ́ láti 1904 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ ní St. Louis, iye ọmọ gòkè wọ́n wà níbẹ̀, ó já wálẹ̀ wọ́n wà níbẹ̀, kọ́nfárẹ́ǹsì kọ́ ló lé àwọn ọmọ jáde. Àwọn síṣítà tó ń kọ́ ọmọ láìgba owó oṣù gidi ló dín kù, owó ilé ìwé wá gbẹ́nu sókè. Ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀bi fún ẹlẹ́bi.

ỌmọÀgùdàÈkó

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti Èkó, tíṣà Kátólíìkì lèmi náà níbí. Bẹ́ ẹ ṣe ń jiyàn bóyá kẹ́ ẹ lọ àbí kẹ́ ẹ má lọ yìí ń pa mí lẹ́rìn-ín, a ò rí irú ẹ̀ jiyàn lé lórí níhìn-ín. Tiwa, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ti dáyọ́sìsì ló máa ń pè wá kí ilé ìwé tó wọlé, ọjọ́ kan péré, gbogbo wa nínú gbọ̀ngàn párí̀ìṣì kan, ẹnì kan ló máa sọ̀rọ̀ fún tíṣà nọ́sìrì, tíṣà físíìsì àti báọ́sà pọ̀, bí iná bá lọ wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀, ìró ẹ̀ á sì bo ohùn máíkì, lẹ́yìn náà ìrẹsì àti máòtì, ó parí. Kò sí pé èèyàn ń yan sẹ́ṣọ̀n. Kì í sì í ṣe ẹ̀bi àwọn fádà nìkan. Ìjọba gba àwọn ilé ìwé míṣọ́ọ̀nù láwọn ọdún 1970, ìgbà tí Tinubu ṣe gómìnà Èkó ni wọ́n tó dá púpọ̀ padà, òmíràn wà tó jẹ́ pé òrùlé àti fèrèsé ni wọ́n ń fi owó tún ṣe látìgbà yẹn, ta ló máa rántí kọ́nfárẹ́ǹsì.

Àǹtí tíṣà, ọ̀rọ̀ kí èèyàn máa bẹ̀rù pé nǹkan òyìnbó ni, orúkọ tí mo ń jẹ́ níbí yìí ti dáhùn ẹ̀. Kí àwọn fádà SMA, àwọn míṣọ́nnárì Kátólíìkì, tó wá jókòó sí Èkó ní 1868, àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ìsìn wọn, Padre Antonio ló ń kó wọn jọ tó ń kọ́ wọn ní kátíkísìmù, wọ́n ń pè é ní padre, ìyẹn fádà, ni o, kì í ṣe àlùfáà rárá, ọmọ ìjọ lásán bíi tèmi tiyín ni. Ẹ lọ jókòó síwájú.

Ohun kan tí màá fi kún un ni pé Póòpù Leo gbé lẹ́tà kan lórí ẹ̀kọ́ jáde ní 28 oṣù kẹwàá 2025, ọjọ́ tó pé 60 ọdún gééré tí Ìpàdé Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù, gbé ìwé tiwọn lórí ẹ̀kọ́ jáde. Inú ẹ̀ ló ti fi Newman, kádínà ará Gẹ̀ẹ́sì tó ti di ẹni mímọ́, ṣe alábòójútó ètò ẹ̀kọ́ Kátólíìkì pẹ̀lú ẹni mímọ́ Thomas Aquinas. Mo rò pé ẹnu wọn ò ní kúrò lórí ẹ̀ ní Minneapolis, ẹ kà á nínú bàálù kí ọ̀rọ̀ wọn má bàa ṣàjèjì sí yín. Ẹ sì jọ̀ọ́, fọ́tò síláìdì tẹ́ ẹ bá yà, ẹ bá wa jù ú síbí. Tíṣà tó wà ní Àjégúnlẹ̀ náà ní ọmọ tí ìwé ò já lẹ́nu ẹ̀.

TíṣàKíláàsìKẹrin

Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa á bùkún yín. Mo padà lọ bá prìnsípà, mo fi ọgbọ́n béèrè bí Bàbá Bùkúnmi ṣe ní kí n ṣe, àṣé káúńtì ò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan! Ó ní òun rò pé wọ́n á gbà torí wọ́n gbà fún ìforúkọsílẹ̀ tíṣà kan tẹ́lẹ̀. Ó ti kọ̀wé sí wọn báyìí, ó sì ti fi ímeèlì sọ fún mi pé bàálù àti òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìwé ló máa san án, kí n má fi owó mi ṣe nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsinmi dípò, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá ní òun á fún mi ní Fúráídè kan ní oṣù karùn-ún. MiÒGbà, mo gbọ́ tiyín náà o, mo ti sọ fún un pé bí màá bá kọ́ àwọn tíṣà yòókù, inú ọjọ́ ìpàdé iṣẹ́ ni, kì í ṣe lẹ́yìn tí ilé ìwé bá jáde, kò tíì fèsì sí ìyẹn.

Ó wá ku nǹkan kéékèèké. Láísẹ́ǹsì ọkọ̀ mi kì í ṣe REAL ID, ìyẹn irú èyí tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí fún wíwọ bàálù, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n wọ bàálù? Ṣé Sọ́ńdè Àjíǹde ni kí n ti lọ àbí Mọ́ńdè? Kí ni màá sì jẹ níbẹ̀, torí èmi ò lè fi sáńdíwíìṣì tútù gbé odidi ọjọ́ mẹ́ta.

BàbáBùkúnmi_Chicago

Láti 7 oṣù karùn-ún 2025 ni wọ́n ti ń béèrè REAL ID, àmọ́ páásípọ́ọ̀tù ń ṣiṣẹ́, ti Nàìjíríà náà ń ṣiṣẹ́, káàdì ìgbélùú (green card) náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ mú ọ̀kan dání, kẹ́ ẹ sì rí i pé orúkọ tó wà lórí ẹ̀ náà ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, torí ọ̀pọ̀ nínú wa orúkọ ọkọ wà níbì kan, orúkọ bàbá wà níbì kejì. Ẹ tètè sọ fún ẹni tó máa ra tíkẹ́ẹ̀tì.

ÌyáÌbejìHouston

Má lọ ní Sọ́ńdè o, jẹ Àjíǹde nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ, Mọ́ńdè ọ̀sán ti tó. Tó o bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ rélùwéè tí wọ́n ń pè ní Blue Line, á gbé ẹ dé àárín ìlú, má jẹ́ kí wọ́n gba owó táksì lọ́wọ́ ẹ. Òtútù ṣì lè mú níbẹ̀ nínú oṣù kẹrin, ó lè já yìnyín pàápàá, àmọ́ wọ́n ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní skyway, ó gba òkè láti ilé dé ilé, ó sì wọ gbọ̀ngàn kọ́nfárẹ́ǹsì náà, bí òtẹ́ẹ̀lì ẹ bá wà lójú ẹ̀ o lè má fẹsẹ̀ kan ìta láàárọ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù inú gbọ̀ngàn ni kó o bẹ̀rù, mú súwẹ́tà, kó o sì wọ bàtà pẹlẹbẹ. Bí àyè bá wà, Basilica of Saint Mary ò jìnnà, òun ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe bàsílíkà ní gbogbo Amẹ́ríkà, 1926, ọgọ́rùn-ún ọdún ẹ̀ rèé. Ní ti oúnjẹ, àwọn ará Liberia pọ̀ ní Brooklyn Park tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú, wọ́n ń se ìrẹsì àti ọbẹ̀ ewé tó ta dáadáa, kẹ́ ẹ jọ dáwó ọkọ̀ lọ síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọjọ́ tó kù, ata gígún sínú ike kékeré, fi sínú báàgì tó máa lọ sísàlẹ̀ bàálù.